Gbé Àtẹ́lẹwọ́ Rẹ Sókè, Àjọkẹ́

Ràlíátù Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ẹ̀yìn ilé wa l'Ágége, níbi tí a máa ń sá aṣọ sí, ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí. Ọ̀sán Àìkú ni. Bàbá rẹ lọ sí ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé, gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Orí fóònù la ti máa ń sọ̀rọ̀: a ó kí ara wa, a ó rẹ́rìn-ín, a ó dágbére. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi yìí lórí fóònù, o ó ti fún mi lésì kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. O ó ní, "Mọ́mì, mo wà dáadáa." Ìwé ni ènìyàn kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé.

Tósìn tí ẹ jọ ń gbé yàrá pè mí ní Ọjọ́bọ̀. Jọ̀ọ́, má bínú sí i. Ó kí mi, ó kí mi, ó tún kí bàbá rẹ mọ́ mi, mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ó wá ní, "Mọ́mì, Ràlíá ò jẹun mọ́. Kò sùn dáadáa. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ò ní dúró ṣèdánwò yìí. Tí mo bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan kan." Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ pé òun ló sọ fún mi. Mo ní, "Tósìn, n kò ní lè pa á mọ́ o. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ gan-an ni mo fẹ́ bá a jà lé lórí." Ó ní kò burú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo pè ọ́. Mo ní, "Àjọkẹ́, ṣé dáadáa ni?" O ní, "A dúpẹ́, Mọ́mì. Jáḿbáìtì mi, ìwé ńkọ́?" Èmi náà ní a dúpẹ́. A rẹ́rìn-ín, a pa fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó tí mo ń wo fóònù náà lórí itan mi. Ìwọ kò wà dáadáa, èmi náà kò wà dáadáa, àwa méjèèjì sì fi ọpẹ́ Ọlọ́run bo ara wa lójú.

Ojú ń tì mí láti gbà ọ́ nímọ̀ràn. Nínú ọ̀rọ̀ yunifásítì, ìwọ ni àgbà. O ti gba dìgírì kan, o ti lọ sí Ìbàdàn lọ bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún kìn-ín-ní, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pọn ọmọọmọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì, gbogbo àwọn ọmọ náà dìde, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà." Wọ́n rò pé èmi ni olùkọ́. Nígbà tí mo lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn, ẹ̀rín sọ, mo sì fẹ́ rin ìrìn náà padà sílé. Nítorí náà, má kà mí sí ẹni tó ti gúnlẹ̀ tó ń juwọ́ sí ọ láti òdì kejì. Inú omi kan náà la jọ wà. Mo kàn ti tẹ ibi kan tó jìn ni, mo sì ń pariwo kí o má baà tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni ti àpá ọwọ́ òsì mi. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń fi ìka tọ́ ọ títí oorun á fi gbé ọ lọ. O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ oníke ní Ìkẹjà ni mo ti gbà á, níbi tí a ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti abọ́. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún ọ rí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá wa bá ń kọjá, tó mi orí sí ọ láti béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ, àtàǹpàkò ni o ó nà sókè: ó ń lọ dáadáa. Bí ẹ̀rọ bá há, tàbí bí nǹkan bá ń ṣe ọ́, àtẹ́lẹwọ́ ni o ó gbé sókè, kí ìka márààrún là, kí ẹni tó wà nídìí bọ́tìnnì lè pa ẹ̀rọ. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ló lè gbé e, títí dé orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé e, gbogbo iṣẹ́ á dúró, gbogbo ojú á yí sí ọ, àwọn kan á pòṣé. Nítorí náà, àtàǹpàkò la máa ń nà. Ẹni tí ibà ń ṣe ń na àtàǹpàkò. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún ń na àtàǹpàkò. A sọ ọ́ di ìwà.

Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òòyì ń kọ́ mi nídìí ẹ̀rọ. Mo ń rí ohun gbogbo ní méjì méjì. Ọ̀gá wa dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo ojú mi dáadáa, ó mi orí sí mi. Mo na àtàǹpàkò. Kò tíì rìn jìnnà tí mo fi ṣubú, tí apá mi lọ lẹ̀ mọ́ irin gbígbóná tí ike ń gbà jáde. Bí wọ́n ṣe ń da omi tútù sí mi lápá, ọ̀gá ń pariwo mọ́ mi létí:

"Àtẹ́lẹwọ́ ńkọ́? Ṣé o ò ní àtẹ́lẹwọ́ ni?"

Mo ní, "Mo rò pé mo lè fara dà á ni, sà."

Ó ní, "Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Àjọkẹ́, mo ṣì ń bi ara mi ní ìbéèrè yẹn títí dòní. Ta ló bẹ̀ mí? Ta ló sì bẹ ìwọ náà?

Mo ti wá rí i pé "a dúpẹ́" ni àtàǹpàkò tiwa nínú ilé yìí. Má ṣì mí gbọ́. Ìyá mi tó tọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jẹ́ kí a fi ẹnu ara wa sọ pé nǹkan kò dára. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ń rìn, wọn kò sì fẹ́ kí ó rin ìrìnkurìn wá bá wa. N kò bá wọn jiyàn. Ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ọpẹ́, kì í ṣe ọmọrí ìkòkò. Ẹ̀yìn ọpẹ́ ló yẹ kí ènìyàn sọ ohun tó ń ṣe é. Èmi kọ́ ọ ní ìdajì àkọ́kọ́, n kò kọ́ ọ ní ìdajì kejì, nítorí pé èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí mo kó fún ọ yìí ti ń fún ọ lọ́rùn.

Jẹ́ kí n wá sọ ti gbọ̀ngàn ìdánwò fún ọ.

Ní tẹ́ẹ̀sì wa àkọ́kọ́, mo ti kàwé débi pé mo ń sọ ọ́ lójú oorun. Bàbá rẹ lè jẹ́rìí. Wọ́n pín ìbéèrè. Mo kà á, mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin tó wà níwájú mi ṣí ojú ìwé kejì, nígbà tí èmi kò tíì kọ gbólóhùn kan. Ariwo ilé iṣẹ́ ike bá dé sínú orí mi, gbogbo rẹ̀ pátá, bí ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Àyà mi ń lù kìkìkì. Ohùn kan ń sọ nínú mi pé, "Kí ni ìyá àgbà oníke ń wá níbí?" Mo kọ orúkọ mi sórí ìwé, mo fi sílẹ̀, mo jáde.

Ọjọ́ yẹn náà lo pè. O ní, "Mọ́mì, tẹ́ẹ̀sì ńkọ́?" Mo ní, "A dúpẹ́, ó lọ dáadáa." O pariwo ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. Ariwo ayọ̀ yẹn dùn mí ju tẹ́ẹ̀sì lọ.

Ọmọ kíláàsì mi kan tó ń jẹ́ Bùkọ́lá ló bá mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn níbi tí mo ti ń fi gèlè nu ojú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì àwọn agbaninímọ̀ràn."

Mo ní, "Ṣé wèrè ni mo ń ya ni?"

Ó ní, "Èmi gan-an ń lọ síbẹ̀. Ṣé mo jọ wèrè?"

Mo wo irun orí rẹ̀ tó pa láró pupa fòò. Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí lọ́wọ́. Bí a ṣe lọ nìyẹn.

Ìyáàfin tó wà níbẹ̀ kò bi mí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ohun tó ṣe mí nínú gbọ̀ngàn ń ṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, pé másùnmáwo ni, pé ara ló ń rò pé ẹranko búburú ló dojú kọ òun nígbà tó jẹ́ pé ìwé ni. Ó ní kí n máa wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, pé wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní mẹditéṣọ̀n. Mo fẹ́ sá. Mo rò pé wọn yóò gbé ère sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí mo débẹ̀, àga lásán ni mo bá.

Ó ní kí a jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa kan ilẹ̀, kí a dijú, kí a sì jókòó jẹ́ẹ́. Kò tíì parí gbólóhùn rẹ̀ tí ọmọkùnrin kan fi bú sẹ́nu: "Ní orúkọ Jésù!" Gbogbo yàrá dáhùn: "Àmín!" Àwa Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ náà ti fa Bísímíláì. Ta ni wọ́n máa ní kó dijú nílẹ̀ yìí tí kò ní gbàdúrà? Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọ̀tá padà síbi tí wọ́n ti wá. Ìyáàfin náà dúró, ó káwọ́ lẹ́yìn, títí gbogbo wa fi sọ̀ kalẹ̀. Ó wá ní, "Àdúrà ti gbà. Ó ku èémí."

Ohun tó kọ́ wa kò ju ìyẹn náà lọ. Kí o jókòó. Kí o máa kíyè sí èémí rẹ bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Má ṣe fipá fà á. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kí o tó mọ̀ pé o ní imú. Kò pẹ́ tí ọkàn mi fi ti sá lọ sórí ọbẹ̀ tí mo gbé sílẹ̀ nílé, ó ti ibẹ̀ lọ sórí tẹ́ẹ̀sì, ó ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ. Mo bínú sí ara mi. Mo gbé ojú sókè, mo sọ fún un pé èmi kò lè ṣe é, pé orí mi ti gbó jù. Ó ní, "Ọkàn gbogbo wa ló ń lọ, Mọ́mì. Tó bá ti lọ, ẹ má nà án. Ẹ kàn rọra pè é wálé, bí ẹ ṣe ń pe ọmọdé tó ń ṣeré lọ sójú títì." Èyí yé mi. Bí ènìyàn bá pariwo mọ́ ọmọ tó wà lẹ́bàá títì, àárín ọkọ̀ ni yóò sá bọ́ sí.

Nítorí náà, Àjọkẹ́, ìmọ̀ràn mi lórí èyí ni pé kí o dẹ́kun nína ara rẹ. Mo mọ ọ́. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni o ti máa ń pe ara rẹ ní olódo bí o bá ṣi ìdáhùn kan ṣoṣo. Èmi máa ń gbọ́, mo sì rò pé ohun tó ń mú ọ ṣe dáadáa nìyẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo sọ òwe yẹn fún ọ nígbà tí o ń kọ́ irun dídì. N kò sọ ọ́ fún ọ nípa ọkàn rẹ.

Jẹ́ kí n fi ìtìjú mi kan pa ọ́ lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyáàfin náà fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí Wásáàpù kí a lè máa fi ṣe é nílé. Mo gbé e sétí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí èémí wọlé." Ohùn dákẹ́. Mo dúró títí. Mo fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn fóònù, mo pa á, mo tún un tan. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí èémí wọlé," ó tún dákẹ́. Mo bá wọ ọkọ̀ ní Dópẹ̀mù, ó di Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ gbé e sétí, ó tẹ́tí, ó tẹ́tí, ó ní:

"Màmá, fóònù yín ò ṣe nǹkan kan. Obìnrin inú ẹ̀ ló dákẹ́."

Mo ní, "Ṣé kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ ni?"

"Á sọ̀rọ̀. Ó ní kẹ́ ẹ máa mí ná." Ó yíjú sí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ó ké sí wọn, "Ẹ wá gbọ́ o! Wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń mí báyìí!" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gba fóònù mi, ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi náà."

Mo ti ronú lórí èyí púpọ̀. Àwa tí a dàgbà sínú ariwo, bí ibì kan bá dákẹ́, a máa ń rò pé nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí o fi ń fi orin sétí kàwé, tí o ń fi í sétí jẹun, tí o ń fi í sétí sùn. Má bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọmọ mi. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ níbẹ̀ ti wà lára rẹ tẹ́lẹ̀. Ariwo ni kò jẹ́ kí o gbọ́ ọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ni mo tó mọ̀ pé ìpayà kì í dédé bò mí. Èjìká mi ló kọ́kọ́ máa ń lọ sókè, eyín mi á wá dì pọ̀. Bí mo bá ti rí i níbẹ̀, mo ṣì lè dá a dúró. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó.

Kí o má baà rò pé mo ti lọ mú ẹ̀sìn àjèjì wálé, mo bi Ááfà mọ́sálásí wa léèrè. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Ràlíá, ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ pe orúkọ nǹkan kan ni?" Mo ní rárá. "Ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ forí balẹ̀ fún ẹnì kan?" Mo ní rárá, èémí nìkan ni. Wọ́n ní, "Ta ló ni èémí?" Mo ní Ọlọ́run ni. Wọ́n ní, "Tóò. Ẹ máa kíyè sí i nígbà náà. Kódà, ẹ bá mi mú díẹ̀ wọ inú ìrun yín, torí èmi ń rí yín láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta síwájú ẹ̀yin obìnrin o. Ẹ máa ń kírun bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ìgbà náà, mo ti ń dúró pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ta á fún ọ bí àwọn tó ń ta àgúnmu nínú ọkọ̀, tí oògùn kan á wo jẹ̀dí, á wo ojú, á sì wo àìrọ́mọbí. Jíjókòó jẹ́ẹ́ kò kọ ìdánwò fún ẹnikẹ́ni. Kò rọ́pò oúnjẹ, kò rọ́pò oorun, kò rọ́pò dókítà. Bí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé ayé yóò dára bí o kò bá sí níbẹ̀, Àjọkẹ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ èémí. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn, ní wàrà-n-ṣeṣà, Tósìn yóò mú ọ lọ, èmi yóò sì wà lójú ọ̀nà kí ẹ tó débẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti kọ gbólóhùn yẹn. Mo kọ ọ́ nítorí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo sì ti dákẹ́ tó.

Ohun kan tún wà. Mo mọ̀ pé èmi wà lára ẹrù orí rẹ. Láti ọjọ́ tí o ti lọ sí Ìbàdàn ni àwọn ará ilé ti ń pè mí ní Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sì ń jẹ́ ẹ, mo ń fi eyín funfun jẹ́ ẹ. N kò ro ohun tó ń ṣe sí ọ bí o ṣe ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Mo ti sọ fún wọn láàárọ̀ yìí pé Ìyá Ràlíá ni orúkọ mi. Kì í ṣe dìgírì ni mo lóyún rẹ̀. Ìwọ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe tẹ́ẹ̀sì kejì. Mo fẹ́ kí o gbọ́ bó ṣe rí gan-an. Ariwo yẹn tún dé. Ó dé ní kíkún, bí ẹni pé n kò jókòó jẹ́ẹ́ rí. Mo ti di báírò mi mú, mo ti wo ilẹ̀kùn. Mo fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Mo kíyè sí èémí kan, ó wọlé, ó jáde. N kò mọ ohun tó ṣe mí, àfi bí mo ṣe rí i tí ọwọ́ òsì mi lọ sókè, àtẹ́lẹwọ́, ìka márààrún. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa sáré wá.

"Mọ́mì, ṣé ìwé àfikún ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo fẹ́ sinmi díẹ̀ kí n tó kọ ọ́."

Ó wò mí. Mo retí kó pòṣé. Ó ní, "Ẹ sinmi. Ẹ mí. Èmi náà máa ń bẹ̀rù nígbà tèmi." Ó dúró tì mí díẹ̀, ó wá lọ. Mo kọ ohun tí mo mọ̀. Wọn kò tíì gbé èsì jáde, ó sì ṣeé ṣe kí n má yege. Ṣùgbọ́n mo jókòó títí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ wa. Gbogbo èrè mi títí di ìsinsìnyí nìyẹn, kò sì pọ̀. N kò ní sọ ọ́ di ńlá fún ọ.

Nísinsìnyí, ti báàgì tí o dì. N kò sọ pé kí o tú u. Bí o bá fẹ́ wálé, wá. Ibùsùn rẹ wà níbẹ̀, bàbá rẹ kàn kó irinṣẹ́ wọn lé e lórí ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má sá jáde bí mo ṣe sá jáde, tí mo kọ orúkọ sílẹ̀, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Jẹ nǹkan lónìí, ìbáà ṣe ògì. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ìwọ àti Tósìn lọ sí ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn tiyín. Kò sí yunifásítì tí kò ní. Sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ pé ara rẹ kò yá. Bí o bá ti ṣe ìyẹn, tí o ṣì fẹ́ gbé báàgì, gbé e, kí o sì gbórí sókè wọlé. Ẹni tó dá ẹ̀rọ dúró kò sá níbi iṣẹ́.

Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n ní ilé àwọn ti di yunifásítì: ìyàwó ń kàwé, ọmọ ń kàwé, àwọn nìkan ló ń fọ abọ́. N kò tíì sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu Tósìn fún wọn. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Awakọ̀ tó máa ń ná Ìbàdàn láti Ìyànà Ìpájà ni n ó fi ìwé yìí rán láàárọ̀ ọ̀la, Tósìn yóò sì gbà á ní gáréèjì. Bí o bá kà á tán, má pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Jókòó díẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, pè.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá ṣeé sọ, àwòrán àtẹ́lẹwọ́ wà lórí Wásáàpù. Fi ẹyọ kan ránṣẹ́. N kò ní bi ọ́ léèrè ohun kankan. Inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ni n ó ti wà kí o tó gbọ́ ohùn mi. Àgbà kì í ní kí ọmọdé ṣe ohun tí òun kò lè ṣe, nítorí náà èmi ni n ó kọ́kọ́ gbé tèmi: ẹ̀rù ń bà mí, Àjọkẹ́. Ẹ̀rù ìwé ń bà mí, ẹ̀rù nítorí tìrẹ sì ń bà mí jù ú lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi rèé lókè.

Bí o bá sì lè sọ̀rọ̀, n ó bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni. Sọ pé a dúpẹ́, kò burú. Mí. Kí o wá sọ ìyókù. Bí o bá gbọ́ tí ohùn mi dákẹ́, má ṣe rò pé fóònù ti bàjẹ́, má sì pa á. Èmi ni mo dákẹ́, kí n lè gbọ́ ọ.

Ìyá rẹ, jáḿbáìtì rẹ,
Ìyá Ràlíá